Láti oṣù karùn-ún ni crappie (ẹja inú adágún Amẹ́ríkà) ti bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Níbo ni wọ́n ń lọ?

Dèjì_Garland | 14 oṣù kẹfà

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú alẹ́ o. Ó ti tó ọdún kan tí mo ti ń ka ohun tí ẹ ń kọ síbí láìsọ̀rọ̀. Lónìí ọ̀rọ̀ ti dójú ẹ̀, ẹ jẹ́ kí n béèrè.

Garland, lẹ́bàá Dallas, ni mò ń gbé. Oṣù kejì ni mo ra ọkọ̀ ojú omi àlòkù kan, àlùmíníọ̀mù, gígùn rẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà 16. Láti òpin oṣù kẹta wọ oṣù kẹrin, mo ń pa crappie bí ẹni ń ṣa ìgbín lẹ́yìn òjò. Etí omi ni o, nínú koríko, níbi tí omi ò ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo pa 25 pé, iye tí òfin Texas gbà lóòjọ́. Ìyàwó mi ń pín in fún àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì, orúkọ mi ti fẹ́ yí padà di Bàbá Ẹlẹ́ja.

Láti oṣù karùn-ún, òfo. Ibì kan náà, ìdẹ kan náà, ọ̀pá kan náà. Lánàá mo jókòó síbẹ̀ láti aago mẹ́fà àárọ̀ di ọ̀sán gangan, àrọ̀ kékeré kan ni mo rí, oòrùn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sè mí jinná. Ṣé wọ́n ti pa wọ́n tán ni?

Ọmọ_Ẹ̀pẹ́ | 14 oṣù kẹfà

Dèjì, káàbọ̀. Kò sẹ́ni tó pa wọ́n tán. Ilé tí wọ́n ti kó kúrò lo ṣì ń kanlẹ̀kùn.

Nígbà tí omi bá ti wọ nǹkan bíi Fahrenheit 60, tó ń lọ sí 68, crappie á gòkè wá sétí omi láti yé ẹyin. Akọ ló ń ṣíwájú. Á gbá ibì kékeré kan mọ́, abo á wá yé sí i, abo á bá tirẹ̀ lọ, akọ ló kù tí yóò máa ṣọ́ ẹyin. Ara rẹ̀ á dúdú bí ìdí ìkòkò. Ohunkóhun tó bá sún mọ́ ẹyin yẹn, á kọ lù ú, ebi kọ́ ló ń pa á. Ẹja tí ò ń pa nígbà yẹn nìyẹn. Má bínú, ọmọ ọdún méje lè pa á lásìkò náà.

Tí ẹyin bá ti pa, ilé tú. Wọ́n á padà síbi jíjìn, àmọ́ wọn kì í lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Wọ́n á kọ́kọ́ dúró díẹ̀ níbi ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ, mẹ́wàá, kí ooru tó lé wọn wọlé pátápátá. Ọ̀nà tí wọ́n gbà wá náà ni wọ́n ń gbà padà, ìyẹn ojú odò àtijọ́. Ṣó o mọ̀ pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo adágún Texas ni wọ́n fi dáàmù ṣe. Odò tí wọ́n dí yẹn ṣì wà nísàlẹ̀, kòtò rẹ̀ ṣì ń lọ bí títì, ẹja sì mọ títì náà ju bí ìwọ ṣe mọ ọ̀nà I-30 lọ.

Fi etí omi sílẹ̀. Wa ọkọ̀ síwájú, kí o wá ibi tí igi wà létí kòtò yẹn, níbi ẹsẹ̀ bàtà 12 sí 20. Crappie kì í gbé pápá gbalasa. Igi ló ń fẹ́, àti ibòji.

Ohun kan tí wọn kì í tètè sọ fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀: òkè ni ojú rẹ̀ ń wò. Tó bá wà ní ẹsẹ̀ bàtà 15, gbé ìdẹ rẹ sí 13. Èyí tó bá gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, kò rí i rárá.

Àjàṣẹ́_Atlanta | 15 oṣù kẹfà

Bọ̀ọ̀dá Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ti la ọ̀nà. Èmi kàn fẹ́ fi ti igi yẹn kún un.

Àjàṣẹ́ ti Benin (Porto-Novo) ni wọ́n bí mi sí. Ẹni tó bá ti gba orí omi Nokoué kọjá á ti rí acadja, ẹ̀ka igi tí àwọn apẹja ń rì mọ́ ìsàlẹ̀ omi. Ẹja á wá fi í ṣe ilé, wọ́n á jẹ́ kó gbófo títí, wọ́n á wá fi àwọ̀n yí i ká. Nígbà tí mo dé Georgia tí òyìnbó kan fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ fún mi pé òun ní àṣírí kan, pé òun ń so ẹ̀ka igi mọ́ búlọ́ọ̀kù, òun ń sọ ọ́ sómi kí crappie lè wá síbẹ̀, ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. (Béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣàkóso adágún rẹ kí o tó sọ igi kankan sómi o. Ibì kan gbà, ibì kan ò gbà.)

Lórí adágún Lanier níbí, dọ́ọ̀kì àwọn olówó ló ń ṣe iṣẹ́ igi. Tí oòrùn bá mú, abẹ́ dọ́ọ̀kì ni wọ́n ń sá sí, ìdẹ kankan ò sì lè débẹ̀ tó o bá jù ú látòkè. Kànnàkànnà ni mò ń ta á. Okùn á gùn tó ìdajì ọ̀pá, màá fi ìka méjì mú jíìgì (ìwọ̀ tí wọ́n fi òjé ṣe orí rẹ̀), màá fà á kí ọ̀pá tẹ̀, màá jọ̀wọ́ ẹ̀. Á fò pẹ̀lẹ́bẹ́ lórí omi, á yọ́ wọ abẹ́ dọ́ọ̀kì. Orí òjé jíìgì ni kó o dì mú, kí ẹnu ìwọ̀ kọjú síta. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo ṣe é lódì, àpá rẹ̀ ṣì wà ní àtàǹpàkò mi, nọ́ọ̀sì tó bá mi yọ ọ́ sì bi mí bóyá èmi ni mo fẹ́ pa ara mi jẹ.

Ìyá_Táyé_Memphis | 15 oṣù kẹfà

Ẹ ò ní jẹ́ kí obìnrin sọ̀rọ̀ ni?

Memphis ni mò ń gbé, àmọ́ Mississippi la ti ń pẹja, ní adágún Sardis àti Enid. Fún àwọn tí ò mọ̀, ní Enid ni wọ́n ti fa crappie funfun tó tóbi jù nínú àkọsílẹ̀ àgbáyé jáde lọ́dún 1957, pọ́n-ùn 5 àti ọ́ńsì 3. Títí dòní ẹnikẹ́ni ò tíì borí rẹ̀. Bàbá Táyé ní òun ló máa borí ẹ̀. Ó ti ń sọ bẹ́ẹ̀ fún ọdún mọ́kànlá.

Dèjì ọmọ mi, nínú ooru èmi kì í dúró lójú kan dúró de ẹja. Mo máa ń wọ́ ìdẹ tẹ̀lé ọkọ̀ ni. Kì í ṣe jíìgì. Ẹja oníke ni, èyí tó ní ahọ́n pẹlẹbẹ níwájú. Ahọ́n yẹn ló ń rì í bí o ṣe ń wọ́ ọ lọ, bí okùn bá sì ṣe gùn tó lẹ́yìn ọkọ̀ ni yóò ṣe jìn tó. Máìlì kan àbọ̀ sí méjì ní wákàtí, kò gbọdọ̀ yá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mọ́tò kékeré oníbátìrì lè ṣe é. Àwọ̀ pínǹkì ni wọ́n fẹ́ràn lọ́dọ̀ wa, ẹ má bi mí ìdí. Tí ọ̀pá kan bá ti tẹ̀, mo máa ń wo iye okùn tó wà níta lórí ọ̀pá yẹn, màá sì tú ti àwọn yòókù tó iye kan náà. Bí mo ṣe ń mọ ìpele tí wọ́n wà nìyẹn.

Kọ́lá_Louisiana | 16 oṣù kẹfà

Níbí, sac-à-lait ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀yin ará, ẹ fi ike sílẹ̀ jàre. Ẹja wẹ́wẹ́ alààyè, ohun tó ń léfòó lórí okùn, àga tó rọ̀. Ó tán.

Ìyá_Táyé_Memphis | 16 oṣù kẹfà

Kọ́lá, àga rẹ tó rọ̀ la mọ̀ ọ́ mọ́.

Dèjì_Garland | 29 oṣù kẹfà

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ti fi etí omi sílẹ̀. Mo gbé sónà kékeré (ẹ̀rọ tó ń fi ìsàlẹ̀ omi àti ẹja hàn) tó bá ọkọ̀ yìí wá jáde (ó ti wà nínú páálí láti oṣù kejì, ojú ń tì mí), mo sì wakọ̀ lọ síbi jíjìn lórí adágún Ray Hubbard. Mo rò pé bí omi bá ṣe jìn sí ni yóò ṣe dára sí, nítorí náà mo rọ ìdẹ lọ sísàlẹ̀ pátá ní ẹsẹ̀ bàtà 30. Wákàtí méjì, ẹyọ kan kò fọwọ́ kàn án.

Ìbéèrè: mo rí nǹkan kan lójú sónà, ó rí bí èéfín, ó tẹ́ pẹrẹsẹ láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, níbi bí ẹsẹ̀ bàtà 20. Kì í ṣe ilẹ̀, torí mo rí ilẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Àwọn àmì ẹja, òkè èéfín yẹn ni gbogbo wọn wà. Ṣé ẹ̀rọ mi ló bàjẹ́?

Ọmọ_Ẹ̀pẹ́ | 29 oṣù kẹfà

Ẹ̀rọ rẹ ò bàjẹ́. O ti rí ohun tí àwọn kan ò rí fún ọdún márùn-ún.

Gbọ́ mi dáadáa, torí èyí ni gbogbo ọ̀rọ̀ ìgbà ooru. Oòrùn ń gbóná omi òkè, omi gbígbóná sì fúyẹ́ ju tútù lọ, á wá léfòó lé e lórí bí epo ṣe ń léfòó lórí ọbẹ̀. Atẹ́gùn ń po omi òkè yìí, afẹ́fẹ́ ń wọ inú rẹ̀. Ti ìsàlẹ̀ ńkọ́? Atẹ́gùn ò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́. Gbogbo ewé àti ìdọ̀tí tó ń jẹrà nílẹ̀ ń mu ìwọ̀nba afẹ́fẹ́ tó kù níbẹ̀, kò sì sí èyí tó ń rọ́pò rẹ̀. Tó bá fi máa di oṣù keje, ìsàlẹ̀ yẹn ti dà bí yàrá tí wọ́n ti fèrèsé rẹ̀ pa. Ẹja ò lè gbé ibẹ̀. Èéfín tó o rí ni ààlà omi méjèèjì, ibi tí tútù àti gbígbóná ti pàdé.

Nítorí náà nígbà tó o rọ ìdẹ dé 30, òkú ọ̀nà lo rọ ọ́ sí. Lásìkò yìí, wá igi tàbí òpó afárá tó ga dé òkè ààlà yẹn, kí o pẹja lórí ààlà, má kọjá rẹ̀. Tí sónà rẹ ò bá fi ààlà hàn níbòmíràn, fi agbára rẹ̀ kún un títí èéfín náà á fi yọ.

Kó o sì yáa máa lọ lálẹ́. Kí ni ò ń wá nínú oòrùn Texas?

Dèjì_Garland | 20 oṣù keje

Ẹ gbà mí láàyè kí n ròyìn.

Lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ mo lọ sábẹ́ afárá I-30. Mo so ọkọ̀ mọ́ òpó afárá, mo sọ iná aláwọ̀ ewé kan sínú omi. Ogún ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, kòkòrò nìkan ló ń wá, wọ́n ń wọ ẹnu mi bí mo ṣe ń mí. Lẹ́yìn náà ni ẹja wẹ́wẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yí iná yẹn ká, bí ẹni tó ń jó yí agbábẹ̀ǹbẹ́ ká, wọ́n pọ̀ débi pé iná náà ń dúdú, ó ń mọ́lẹ̀. Mo rọ jíìgì 1/16 ọ́ńsì sí ẹsẹ̀ bàtà 14. Kò tiẹ̀ fà á bí mo ṣe rò. Okùn kàn dẹ̀ ni, bí ìgbà tí ẹnì kan fi ọwọ́ gbé e díẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Mo ṣe kàyéfì. Ó dẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, mo fà á, ẹja wà lẹ́nu rẹ̀!

Mẹ́rìnlá ni mo mú lọ sílé. Mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló já lójú mi, ètè wọn kàn fà ya. Ohun mìíràn ni pé ìrísí wọn kò bára mu. Àwọn kan ní ilà lára bí aṣọ òfì, àwọn kan ní tótòtó dúdú káàkiri. Ṣé ẹja kan náà ni?

Àjàṣẹ́_Atlanta | 20 oṣù keje

Kú oríire! Dídẹ̀ okùn yẹn ni kó o máa retí látòní lọ. Ó ń gòkè wá gbá ìdẹ mú ni, ìdí nìyẹn tí ìwúwo jíìgì fi ń kúrò lọ́wọ́ rẹ.

Ti ètè: bébà ni ẹnu crappie. Ẹ má ja á bí ẹni ń fa àrọ̀. Dẹ bíréèkì ìkákùn rẹ, gbé ọ̀pá sókè jẹ́jẹ́, má sì dá ọwọ́ dúró. Tó bá dé ojú omi, fi àwọ̀n bọ́ sábẹ́ rẹ̀. Fífi okùn gbé e sókè wọ ọkọ̀ ló ń ya á lẹ́nu.

Ọmọ_Ẹ̀pẹ́ | 20 oṣù keje

Irú méjì ni. Onílà ni funfun, alámì tótòtó ni dúdú. Má gbẹ́kẹ̀ lé àwọ̀ o, akọ funfun náà máa ń dúdú lásìkò ẹyin. Ka ẹ̀gún ẹ̀yìn rẹ̀. Márùn-ún tàbí mẹ́fà, funfun. Méje tàbí mẹ́jọ, dúdú. Funfun fara da omi tó rú, dúdú fẹ́ràn omi tó mọ́ tí koríko wà nínú rẹ̀. Nínú epo gbígbóná, ìkan náà ni wọ́n.

Ìyá_Táyé_Memphis | 20 oṣù keje

Epo gbígbóná wo? Ẹ̀yin ọkùnrin á gé ẹran ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ẹ ó yí i nínú ìyẹ̀fun àgbàdo, ẹ ó dín in, ẹ ó sì sọ orí àti egungun nù. Orí ẹja! Mo rí òkìtì orí crappie nínú garawa níbi tí wọ́n ti ń fọ ẹja ní Sardis, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Èmi máa ń họ ìpẹ́ rẹ̀ ni, mo máa ń kó gbogbo rẹ̀ sínú ọbẹ̀ ata. Ẹran rẹ̀ funfun, ó rọ̀ ju epìyà lọ, torí náà ata gbọ́dọ̀ ti jinná kó tó wọlé. Tó bá ti hó lẹ́ẹ̀mejì, ẹ gbé e kalẹ̀. Tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, omi ọbẹ̀ lẹ ó máa mu.

Túnjí_Scope | 3 oṣù kẹjọ

Mo ka gbogbo èyí láti òkè délẹ̀. Pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ẹ ń jìyà lásán. Láti ọdún 2018 tí ilé iṣẹ́ Garmin ti gbé LiveScope jáde, sónà tó ń fi ẹja hàn lójú ẹsẹ̀ bó ṣe ń rìn, kò sí ìdí kankan tí èèyàn á fi máa méfò. Mò ń rí ẹja níwájú ọkọ̀, mò ń rí jíìgì mi tó ń sọ̀ kalẹ̀, mò ń rí i bí ẹja ṣe yíjú sí i. Kí Dèjì fi owó jọ, kó ra á.

Ọmọ_Ẹ̀pẹ́ | 3 oṣù kẹjọ

Túnjí, owó rẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀rún dọ́là, ọkọ̀ ọmọ yìí gan-an lè má tó bẹ́ẹ̀.

Mo ti wọ ọkọ̀ tó ní in. Irọ́ kọ́, ó ń ṣiṣẹ́. Àmọ́ gbogbo wa mẹ́ta tó wà nínú ọkọ̀ yẹn, tẹlifíṣọ̀n la ń wò látàárọ̀. Mo rí ẹja kan tó ń tẹ̀ lé jíìgì, tó padà, tó tún tẹ̀ lé e, fún ogójì ìṣẹ́jú, ẹni tó ni ọkọ̀ ò sì gbà ká kúrò níbẹ̀ torí pé ó ti rí i. Tí a kò bá rí i ni, à bá ti lọ síbòmíràn tipẹ́.

Túnjí_Scope | 3 oṣù kẹjọ

Ogójì ìṣẹ́jú, ẹjọ́ ẹni tó ni ọkọ̀ nìyẹn, kì í ṣe ti ẹ̀rọ. Ẹ máa fi ọ̀pá gbọ́nlẹ̀ kiri bí babańlá wa.

Alábòójútó | 3 oṣù kẹjọ

Túnjí, jọ̀ọ́, àgbà lò ń bá sọ̀rọ̀. Mo ti pa ìdáhùn méjì rẹ́. Ẹ jẹ́ ká padà sórí ẹja.

Ìyá_Táyé_Memphis | 11 oṣù kẹwàá

Mo padà wá torí ìgbà ìwọ́wé ti dé, Dèjì ò sì ní béèrè títí ẹja á fi kọjá lọ.

Nígbà tí òtútù bá bẹ̀rẹ̀, omi òkè á tutù, á wúwo, á rì, omi méjèèjì á dàpọ̀. Ààlà tí Bọ̀ọ̀dá ń wí á pòórá. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn omi lè rú, ẹja á tú káàkiri, wọ́n lè wà níbikíbi. Má jẹ́ kó sú ọ. Tó bá ti rọlẹ̀, ẹja wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń jẹ á wọ inú àwọn ẹsẹ̀ odò kéékèèké, crappie á tẹ̀ lé wọn. Mo máa ń wọ́ jíìgì lẹ́yìn ọkọ̀ nígbà yìí, máìlì kan ní wákàtí tàbí kó dín díẹ̀. Tí ọkọ̀ bá falẹ̀ jíìgì á rì, tó bá yá á gòkè. Ìwúwo àti eré lo fi ń wọ̀n ọ́n.

Lọ́dọ̀ wa, omi Sardis àti Enid máa ń fà gan-an lásìkò yìí. Torí àkúnya omi ni wọ́n ṣe kọ́ dáàmù wọn, wọ́n sì máa ń tú omi jáde kí àyè lè wà fún òjò ìgbà ìrúwé. Mo máa ń wakọ̀ lọ wo ilẹ̀ tó ti gbẹ, mo máa ń ya fọ́tò kùkùté àti kòtò tó hàn síta. Oṣù kẹrin tí omi bá bò ó padà, èmi nìkan ni mo mọ ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀.

Dèjì_Garland | 7 oṣù kejìlá

Ẹ bá mi dá sí i o.

Àná ni mo lọ Lake Fork fún ìgbà àkọ́kọ́. Ṣé ẹ rántí pé òfin Texas ní ká tú gbogbo omi inú ọkọ̀ dànù tá a bá ti ń kúrò létí adágún, kí àwọn ìṣáwùrú àjèjì yẹn má bàa tàn káàkiri? Oṣù kọkànlá ni mo lo ọkọ̀ kẹ́yìn, mo yọ plọ́ọ̀gì ìdí rẹ̀ kí omi lè ṣàn, mo sì fi plọ́ọ̀gì náà sínú àpò ẹ̀wù òtútù mi. Lánàá, ẹ̀wù mìíràn ni mo wọ̀.

Mo ti ọkọ̀ sómi, mo lọ gbé mọ́tò sí ààyè rẹ̀, mo padà dé, mo ní kí n wọlé báyìí, omi dé ọrùn ẹsẹ̀ mi. Agolo ìdẹ ń léfòó kiri. Baba òyìnbó kan tó jókòó sínú ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ ń mu kọfí, kò dìde, ó kàn yọ orí jáde ní fèrèsé, ó ní: "Plọ́ọ̀gì." Ó tún wọlé. Mo fi tírélà fà á jáde, mo lọ ra òmíràn ní ṣọ́ọ̀bù tó wà nítòsí.

Mo ṣáà padà pẹja. Lábẹ́ afárá ọ̀nà 154, ẹsẹ̀ bàtà 35 sí 40, mo mú bí ogún. Èyí tó tóbi ni mo kó, mo dá bíi mẹ́sàn-án tí wọn ò tó ínṣì 10 padà sómi gẹ́gẹ́ bí òfin ṣe wí. Ohun tó ń dùn mí ni pé àwọn tí mo dá padà yẹn, ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n fi ń léfòó.

Ọmọ_Ẹ̀pẹ́ | 7 oṣù kejìlá

Dèjì, ti plọ́ọ̀gì, gbogbo wa la ti rì lẹ́ẹ̀kan. Èkejì yẹn ni mo fẹ́ bá ọ sọ, má sì bínú.

Ínṣì 10 àti 25 lóòjọ́ ni òfin gbogbogbòò. Lake Fork ní tirẹ̀ lọ́tọ̀, òun àti Lake O' the Pines. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kejìlá títí di ọjọ́ tó kẹ́yìn oṣù kejì, kò sí òdiwọ̀n gígùn kankan níbẹ̀. Crappie 25 àkọ́kọ́ tó o bá mú, ìwọ lo ni ín, ńlá àti kékeré, o ò gbọdọ̀ dá ọ̀kan padà. Tó bá ti pé 25, ká ọ̀pá rẹ. Ẹ̀ṣọ́ ì bá bá ọ níbẹ̀ lánàá, owó ìtanràn lò bá san.

Túnjí_Scope | 7 oṣù kejìlá

Ẹ dákun, kí ló burú nínú kéèyàn dá kékeré padà kó lọ dàgbà? Òfin yẹn ò yé mi rí.

Àjàṣẹ́_Atlanta | 8 oṣù kejìlá

Dèjì ti dá ọ lóhùn: ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n fi ń léfòó. Àpò afẹ́fẹ́ kan wà nínú ẹja. Ní ẹsẹ̀ bàtà 40, omi tó wà lórí rẹ̀ fún àpò yẹn pọ̀. Tó o bá fà á gòkè lójijì, afẹ́fẹ́ náà á wú, ojú á yọ síta, nígbà mìíràn ikùn á yọ sẹ́nu. Tó o bá dá a padà, kò lè rì. Ẹyẹ ló máa jẹ ẹ́. Torí náà òfin ní, dípò kó o máa pa kékeré dànù níbi tó o ti ń wá ńlá, kó wọn lọ sílé kó o jẹ wọ́n.

Túnjí_Scope | 8 oṣù kejìlá

Ó yé mi wàyí. Ẹ ṣé, bọ̀ọ̀dá. Bàbá Ọmọ Ẹ̀pẹ́, ẹ má bínú sí ti oṣù kẹjọ.

Ọmọ_Ẹ̀pẹ́ | 8 oṣù kejìlá

Ó ti tán. Ẹja tó o bá rí lójú LiveScope rẹ lọ́la, fi ọ̀kan ta mí lọ́rẹ.

Dèjì, nǹkan díẹ̀ nípa òtútù. Ara ẹja ti wúwo báyìí. Kò ní sáré lé ohunkóhun, ìdẹ gbọ́dọ̀ wá bá a lórí àga. Sọ̀ ọ́ kalẹ̀ gbọnrangandan lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó, kí ó dúró lókè orí ẹja, má sì jì í. Ìgbì omi nìkan tó fún un ní ìjì. Tó o bá rò pé o ti rọra tó, tún rọra. Ní ọ̀sán tí oòrùn bá yọ fún ọjọ́ méjì mẹ́ta, wọ́n lè gòkè díẹ̀, kó o wo sónà kó o tó rọ okùn.

Fork yẹn, igi tó dúró sábẹ́ omi níbẹ̀ ò lóǹkà. Wọn ò gé wọn kí omi tó bò wọ́n. Ọ̀nà tí wọ́n fi bóyà sàmì sí ni kó o gbà, yà kúrò níbẹ̀ pẹ̀lú mọ́tò kékeré nìkan. Wọ ẹ̀wù amúniléfòó, má fi jókòó. So okùn tó ń pa enjíìnì mọ́ra. Èmi ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni, orí omi ni mo ti kọ́ ìrìn, mo sì mọ̀ ọ́n lúwẹ̀ẹ́ dáadáa. Ọdún kẹta mi ní Texas mo ṣubú sómi nínú oṣù kìíní. Omi òtútù yẹn ò jọ omi ọ̀sà. Èémí mi já, ọwọ́ mi ò di ohunkóhun mú mọ́, ìwẹ̀ tí mo mọ̀ ò wúlò. Ẹ̀wù yẹn ló gbé mi dúró títí wọ́n fi fà mí.

Dèjì_Garland | 18 oṣù kìíní

Mo ti ra ẹ̀wù amúniléfòó tuntun. Fork lónìí: 25, mo sì kúrò níbẹ̀ kí aago mọ́kànlá tó lù. Ọ̀kan kò ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ, mo kó o sílé. Ìyàwó mi ní ṣé ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ni mo lọ jí gbé.

Dèjì_Garland | 22 oṣù kẹta

Omi ti dé 61 lónìí. Mo wọ̀n ọ́n.

Mo padà síbi àkọ́kọ́, koríko ọjọ́sí. N kò sáré wọlé. Mo dúró lókèèrè, níbi ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ, níbi kùkùté kan, mo fa abo méjì tí ikùn wọn kún. Lẹ́yìn náà ni mo yọ́ sínú koríko, mo sì fa akọ kan jáde. Dúdú ni, dúdú tó ń dán, ilà ara rẹ̀ ti sọnù pátápátá. Mo ka ẹ̀gún ẹ̀yìn rẹ̀: mẹ́fà. Ínṣì 12. Mo dá a padà, ó sì tààrà padà síbi tó ti wá, mo rí ìrù rẹ̀ tó ń gbá omi níbẹ̀. Ẹ má bi mí ìdí tí mo fi dá a padà, èmi náà ò mọ̀.

Kọ́lá_Louisiana | 22 oṣù kẹta

Mo mọ ìdí ẹ̀. O ti pa 25 tẹ́lẹ̀.

Dèjì_Garland | 22 oṣù kẹta

Mọ́kàndínlógún ni, bọ̀ọ̀dá Kọ́lá!

Ọmọ_Ẹ̀pẹ́ | 22 oṣù kẹta

Ẹ̀gbọ́n mi kan ń bọ̀ láti Ẹ̀pẹ́ ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ó ní òun ò gbà pé ẹja kan wà ní Amẹ́ríkà tó yẹ kéèyàn jí ní aago mẹ́rin torí rẹ̀. Màá gbé e wá sí Ray Hubbard ní Sátidé. Ṣé àyè wà nínú ọkọ̀ rẹ fún àgbà méjì?

Dèjì_Garland | 22 oṣù kẹta

Àyè wà, sà! Aago mẹ́fà, létí omi. Plọ́ọ̀gì mẹ́ta ló wà nínú ọkọ̀ báyìí.